Ta Ló Da Àmì Náà Dorí Kodò?

Obìnrin náà dorí kodò. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn, ohun tó sì rí mi lára jù lọ nìyẹn. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi tẹ́ ẹ lórí akọ òkúta ńlá tó wà lókè abúlé wa, níbi tí òkúta náà ti dagẹ̀rẹ̀ bí òrùlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì nà kọjá orí, wọ́n yà sọ́tùn-ún sósì bí ẹ̀ka igi. Yìnyín díẹ̀ ti bọ́ sí irun rẹ̀.

Èmi ni ọlọ́pàá abúlé Steinödt, ní agbègbè Waldviertel, nítòsí ààlà ilẹ̀ Czech. Wendelin ni wọ́n ń pè mí. Mo mọ obìnrin náà láti ìgbà tó ti ń gbé báàgì lọ sí ilé ìwé. Irmtraud ni, ìyàwó Lorenz tó ń sin ẹja kápù, ìyá Burgi ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ láti kékeré, irú èyí tó jẹ́ pé tí ènìyàn kò bá gba abẹ́rẹ́ ínsúlìnì, kò ní pẹ́ kú. Burgi náà ní in.

"Àmì ìyè nìyẹn," ni Ọ̀gá Pöschl wí. Òun ni olórí ọlọ́pàá tí wọ́n rán sí wa láti ìlú, ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ kì í dọ̀tí. "Ẹgbẹ́ Méjìdínlógún ni obìnrin yìí ń bá ṣe. Ó wá síbí láàárọ̀, ó na ọwọ́ sókè bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ara rẹ̀ kò gbà á, ó ṣubú, ó kú."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Láyé àtijọ́, àwọn ará ìhà àríwá Yúróòpù ní àmì ìkọ̀wé kan tí wọ́n ń gbẹ́ sára òkúta, igi àti egungun. Rúùnù ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ẹni tó ni idà, orúkọ ẹni tó kú, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ. Èyí tí ẹgbẹ́ yìí ń lò kì í ṣe ìyẹn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọkùnrin ará Vienna kan ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, tí wọ́n fi aṣọ dì í lójú, tó wá ní òun rí àmì méjìdínlógún nínú òkùnkùn, pé gbogbo agbára ayé wà nínú wọn. Àwọn kan gbà á gbọ́ títí dòní. Wọ́n ń fi ara wọn ṣe àwòrán àmì náà, wọ́n ń dúró láìwọ bàtà nínú òtútù, wọ́n ń ké orúkọ rẹ̀ bíi màlúù tó ń rọbí. Èyí tí ènìyàn na apá méjèèjì sókè ni wọ́n ń pè ní àmì ìyè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ rúùnù gidi, kó lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Mẹ́rìnlélógún ni tibẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ní òun ń wo àtọ̀gbẹ.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan bá Ọ̀gá Pöschl wá. Ottilie lorúkọ rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ àkàrà òyìnbó oníhóró pópì láti inú àpò kóòtù rẹ̀. Ó yí òkúta náà ká, ó wá kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ òkú.

"Wendelin, wá wo etí yẹ̀rì yìí."

Mo wò ó. Òkúta wẹ́wẹ́ méjì wà lórí etí yẹ̀rì náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

"Bóyá òun fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀, Ọ̀gá. Kí aṣọ rẹ̀ má bàa ká sókè."

"Òkú ni, Wendelin. Òkú kì í tijú. Ẹlòmíràn ló ń bá a tijú."

Ó la ọwọ́ ọ̀tún òkú náà. Pátákó igi kékeré kan wà níbẹ̀, kò ju ìka lọ, wọ́n gbẹ́ àmì kan sára rẹ̀, wọ́n sì fi nǹkan pupa kun ojú ibi tí wọ́n gbẹ́. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi àtàńpàkò ra á, ó wo àtàńpàkò rẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ òkú. Funfun báláú ni. Ó gbé igi náà sínú ọ̀rá.

"Ọ̀gá Pöschl," ó dìde, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ na apá yín sókè, kí ẹ sì ṣubú sẹ́yìn, ká wò ó."

"Ṣé mo jọ aláwàdà lójú yín ni?"

"Ẹni tó bá ń ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wá ilẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ gún régé. Wọ́n gbé e wá síbí ni, wọ́n sì tẹ́ ẹ."

Ojú Ọ̀gá Pöschl pọ́n, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọgbọ́n tirẹ̀ fi dé. "A jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ni! Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé ó kórìíra àwọn oní-rúùnù yẹn. Ó pa ìyàwó rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ bíi tiwọn kó lè dì í lé wọn lórí."

Kò tíì di ọ̀sán tí wọ́n fi ti Lorenz mọ́lé. Wọ́n rí ínsúlìnì Irmtraud, tó ní orúkọ rẹ̀ lára, nínú fíríìjì ahéré tó wà létí adágún ẹja. Ọ̀gá Pöschl ní ó gbé e pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀ kó lè kú. Dókítà tó yẹ òkú wò sì ní òótọ́ ni, àìgba ínsúlìnì ló pa á, alẹ́ ọjọ́ Tuesday, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a rí i, ló kú.

*

Òórùn ẹja kún inú yàrá àtìmọ́lé. Lorenz dìde bó ṣe rí wa. Kò béèrè agbẹjọ́rò.

"Wendelin, ta ló gún Burgi ní abẹ́rẹ́?"

"Ìyàwó mi. Ọ̀dọ̀ wa ló wà. Fọkàn balẹ̀."

"Wọ́n ní wọ́n máa gbé e fún ìyá ìyàwó mi."

Mo ti gbọ́ ọ. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ti ní bí bàbá bá ti wà látìmọ́lé, ìyá àgbà ló ni ọmọ. Adelgunde sì ni ìyá àgbà yẹn. Adelgunde ni igi lẹ́yìn ọgbà Teuschl, olórí ẹgbẹ́.

"Kí ni ínsúlìnì ìyàwó rẹ ń wá níbi ẹja?" ni Ọ̀gá Ottilie béèrè.

"Ìyá rẹ̀ ló máa ń wọ ilé wa, á kó èyí tó wà nílé jù sínú ààrò. Ó ní májèlé ni. Irmi ìyàwó mi ló ní kí n bá òun tọ́jú díẹ̀ síbẹ̀." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ wá mú un, ó ní kí àwọn lọ sinmi ní Linz. Irmi ní òun máa bá a lọ kí ìjà lè parí. Mo pe fóònù rẹ̀, kò gbé e. Mo lọ bá Teuschl. Mo sọ fún un pé màá rì í sínú adágún."

"Má sọ ìyẹn níwájú Ọ̀gá Pöschl," ni mo wí.

"Mo ti sọ ọ́. Màá sì rì í."

"Lorenz, gbọ́ mi," ni Ọ̀gá Ottilie wí. " Ká ní ìwọ lo gbé e lọ sórí òkúta yẹn, kó lè jọ iṣẹ́ ẹgbẹ́. Báwo lo ṣe máa tẹ́ ẹ?"

Lorenz wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. "Apá lókè, bí wọ́n ṣe ń ṣe. Orí lókè. Èwo tún ni báwo? Ta ló ń tẹ́ òkú dorí kodò?"

Nígbà tí a jáde, fóònù mi dún. Ìyàwó mi ni, ó ń sunkún. Wọn kò dúró di ọ̀la. Wọ́n ti wá gbé Burgi lọ sọ́dọ̀ Adelgunde.

Ọ̀gá Ottilie pe Ọ̀gá Pöschl lójú ẹsẹ̀. Mo gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ láti inú fóònù: ìyá àgbà ti fọwọ́ síwèé pé òun máa fún ọmọ ní oògùn rẹ̀, kí ni a tún ń fẹ́? Kí a mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe òkúta wẹ́wẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká lọ fi agbára wọlé," ni mo wí.

"Tí a bá kanlẹ̀kùn lásán, á gbé ọmọ sá, a ò sì ní mọ ibi tó wà. Ohun tó máa mú adájọ́ fọwọ́ síwèé ni ká wá. Ìyàwó rẹ kò lè máa gba iwájú ilé yẹn kọjá?"

"Kódà yóò kọ́lé síbẹ̀."

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi ní òun rí ọmọ náà lójú fèrèsé, pé ó ń mu omi, ó tún ń mu omi. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: kò gba abẹ́rẹ́, ṣúgà ti ń gùn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀ lọ́kàn mi la fi wọ ilé Burkhard Teuschl.

N kò ní purọ́: mo ti kórìíra ọkùnrin yìí tipẹ́. Ìyá mi wá láti òdìkejì ààlà, ní ilẹ̀ Czech. Nígbà tí wọ́n ń sin ín, Teuschl jókòó nílé ọtí, ó ní ẹ̀jẹ̀ àdàlù ni wọ́n ń rì mọ́ ilẹ̀ mímọ́. Ó ti lé lógún ọdún. N kò gbàgbé, n kò sì fẹ́ gbàgbé.

Ẹsẹ̀ lásán ló fi jáde sí wa. Èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí eyín ẹṣin. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀, ó ń wo ojú mi bí ẹni tó ń wo inú kànga. Mo fa ọwọ́ mi yọ.

"Àdánù ńlá ni," ó wí. "Irmtraud wá a fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ gba agbára ayé láàárọ̀ kùtùkùtù. Ikú bá a nínú àmì ìyè. Ikú tó dára ni."

"Ṣé oògùn rẹ̀ ni ẹ ní kó dáwọ́ dúró?" ni Ọ̀gá Ottilie béèrè.

"N kò pa á láṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ara ló ń sọ fún ènìyàn."

"Ara tirẹ̀ ló sọ pé kó kú?"

Teuschl rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ń farada ọmọdé. Ọ̀gá Ottilie ò tún bi í ní nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó bu àkàrà pópì rẹ̀ jẹ, ó dìde, ó lọ dúró síwájú fọ́tò ibojì kan lára ògiri. Àmì kan wà níwájú ọjọ́ ìbí, àmì mìíràn níwájú ọjọ́ ikú.

"Ẹ̀yin ẹ mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye. Méjèèjì jọ ara wọn lójú mi. Èwo ni ìbí, èwo ni ikú?"

Ọkùnrin náà wú. Ẹ bi irú wọn léèrè ìmọ̀ wọn, kẹ́ ẹ kàn jókòó. "Ibojì bàbá mi nìyẹn. Àmì kan náà ni. Èyí tó dúró, ìyè ni. Èyí tó dorí kodò, ikú ni. Gbòǹgbò àti ẹ̀ka."

"Áà. Àwọn tó ń fi ara wọn ṣe àmì ńkọ́, ṣé wọ́n máa ń dorí kodò bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o! Alààyè kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Òkú ló ni ín. Òkú tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ nínú àmì ìyè, ọkàn rẹ̀ á há sáàárín, kò ní lè lọ, kò ní lè bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn òkú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí i."

"Ó mà jinlẹ̀ o. Igi kékeré tí wọ́n máa ń fi sí i lọ́wọ́ náà ńkọ́? Mo rí i pé ọ̀dà pupa rẹ̀ dára. Ọ̀dà wo ni ẹ ń rà?"

"Rà ni?" Ó bínú gan-an. "A kì í fi ọ̀dà ọjà kun àmì! Amọ̀ pupa ni, tí a pò mọ́ òróró ọ̀gbọ̀, kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀. Sùúrù ni. Nínú òtútù báyìí, kò lè gbẹ kó tó ọjọ́ mẹ́ta. A kì í sún un mọ́ iná."

"Ta ló ń gbẹ́ ẹ?"

"Ruprecht, dókítà eyín. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́."

Ọ̀gá Ottilie dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Bí a ṣe dé ìta, ó tu àkàrà ẹnu rẹ̀ dànù sórí yìnyín.

"Wendelin, fetí sí mi, kó o sọ bóyá mo ti ya wèrè. Lorenz kò mọ̀ pé orí òkú gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ purọ́ mọ́ ẹgbẹ́ máa tẹ́ ẹ bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n: orí lókè. Ẹni tó tẹ́ ẹ fẹ́ kí a rò pé ó ṣubú nínú àmì ìyè. Orí lókè ni ìyẹn náà máa fẹ́. Síbẹ̀ ó dà á kodò. Kí ló dé tó fi ba irọ́ ara rẹ̀ jẹ́?"

"Torí ó gbà á gbọ́," ni mo wí. "Kò lè jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ há."

"Ó fẹ́ràn òkú rẹ̀. Ìyẹn lọ̀rọ̀ tí Teuschl sọ. Ṣùgbọ́n Pöschl á ní ìyàwó Lorenz lè ti kọ́ ọ. Igi yẹn ni kò ní lè jiyàn sí. Mo fi àtàńpàkò ra á láàárọ̀ àná. Ọ̀dà rẹ̀ kò ra mọ́ mi lọ́wọ́, ó ti gbẹ. Àtẹ́lẹwọ́ òkú mọ́. Alẹ́ tó ṣáájú ló kú."

Mo dúró sójú kan.

"Wọ́n ti gbẹ́ igi ikú rẹ̀ kó tó kú."

"Wọ́n kùn ún, wọ́n sì gbé e sórí pákó kó máa gbẹ, nígbà tó ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún omi."

*

Obìnrin arúgbó kan la ẹnu sílẹ̀ lórí àga Ruprecht nígbà tí a wọlé. Dókítà eyín náà rí wa, irin ọwọ́ rẹ̀ jábọ́.

Èmi ti rò pé ọwọ́ ba ẹni náà nìyẹn. Ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ilé rẹ̀ ti sọ fún mi pé ó ń jó igi láàárọ̀ àná, igi gbígbẹ́, gbogbo rẹ̀ pátá. Mo ti fà á lọ́rùn aṣọ kí Ọ̀gá Ottilie tó sọ pé kí n fi í sílẹ̀.

"Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn tọ́jú eyín ní àlàáfíà," ni arúgbó náà wí, ó nu ẹnu.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níta."

"Tí mo bá jáde, ta ló máa sọ fún mi bó ṣe parí?"

Ó jókòó síbẹ̀ náà ni. Ruprecht ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ mọ́.

"Kí ló dé tí o jó àwọn igi rẹ?" ni Ọ̀gá Ottilie béèrè.

"Ẹ̀rù bà mí. Mo gbọ́ pé igi mi wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ta ló ní kó o gbẹ́ ẹ?"

Ruprecht bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa irin rẹ̀ nílẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan wà lọ́wọ́ ẹni náà báyìí, kò sì tíì gba abẹ́rẹ́ láti alẹ́ àná. Tó o bá ń ro bó o ṣe máa fèsì, ro ìyẹn mọ́ ọn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. "Adelgunde ni. Ó gbà á lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀dà ṣì tutù lára rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan ń kú lọ ní ilé ìwòsàn ní Graz. Mo ní kí Olùkọ́ wa, Teuschl, kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, torí ẹnikẹ́ni kì í gbẹ́ àmì yẹn láìjẹ́ pé Olùkọ́ gbà. Ó ní Olùkọ́ ló rán òun. Mo pe Olùkọ́. Ó ní kí n gbẹ́ ẹ, kí n má béèrè ẹni tó wà fún."

"Adelgunde kò ní ẹ̀gbọ́n," ni arúgbó náà wí láti orí àga. "Ọmọ kan ṣoṣo ni òun náà. A jọ kàwé ni."

*

Adájọ́ fọwọ́ síwèé. Ọ̀gá Pöschl fúnra rẹ̀ bá wa lọ, ojú rẹ̀ funfun.

Adelgunde ò ti ilẹ̀kùn. Ilé ìdáná rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń ro ènìyàn. Burgi dúró láàárín rẹ̀ láìwọ bàtà lórí bíríkì tútù, apá méjèèjì sókè, wọ́n ń gbọ̀n. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti là. Òórùn èémí rẹ̀ kún inú ilé bí òórùn èso ápù tó ti ń rà, èébì sì wà lára aṣọ rẹ̀ tí wọ́n ti fi aṣọ tútù nù. Nínú ààrò ni mo ti rí ike abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ti yọ́ mọ́ eérú.

"Ó ń gbìyànjú dáadáa," ni ìyá àgbà rẹ̀ wí. "Agbára rẹ̀ ju ti ìyá rẹ̀ lọ."

Mo gbé ọmọ náà. Ọkọ̀ àwọn aláìsàn ti dúró níta, Ọ̀gá Ottilie ti pè é kí a tó gbéra; mo gbé ọmọ fún àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, mo sì padà wọlé.

"Màmá Adelgunde," ni Ọ̀gá Ottilie wí, "inú ilé yìí ni Irmtraud kú sí. Ẹ kò lọ sí Linz. Ẹ tì í mọ́nú yàrá. Ní ọjọ́ Sátidé ẹ ti gba igi rẹ̀, ẹ gbé e síbì kan kó gbẹ. Lẹ́yìn tó kú, ẹ gbé e lọ sórí òkúta."

"Ọmọ mi kú ní ìdúró. Ẹ kò lè mọ̀ ọ́n."

"Ẹ da orí rẹ̀ kodò torí ẹ kò fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ há. Ẹ fi òkúta tẹ aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí àwọn ọkùnrin má bàa rí itan rẹ̀. Ẹlòmíràn kò ní ṣe é. Ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ṣe é."

Obìnrin náà kò sunkún. Ó ń wo ibi tí ọmọ náà dúró sí, bí ẹni tí wọ́n da iṣẹ́ rẹ̀ rú.

Ní àgọ́ wa náà kò sọ̀rọ̀. Kò lè jẹ́ pé òun nìkan ló gbé òkú gun òkè yẹn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kan orúkọ Teuschl rárá, bẹ́ẹ̀ ni Ruprecht sì lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà bí agbẹjọ́rò bá dé. Ọ̀gá Ottilie fi í jókòó sínú yàrá mi, ó ní kí n mú Teuschl wá sí yàrá kejì. Bí mo ṣe fẹ́ ti ilẹ̀kùn àárín, ó fi ẹsẹ̀ dá a dúró.

"Adelgunde ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀," ó sọ fún Teuschl. Irọ́ ni. "Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

Teuschl kò tilẹ̀ ronú. "Adelgunde? Obìnrin yẹn ti ya wèrè láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Mo máa ń gbà á láàyè torí ó ń gbálẹ̀ fún wa. Ìmọ̀ yìí ga jù ú lọ. Àmì wo ló mọ̀? Ọmọ rẹ̀ ló pa. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ìdílé wọn ti bàjẹ́, ẹ wo àìsàn tó wà níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Irú igi bẹ́ẹ̀, kí a gé e náà ló dára."

Mo rí ojú Adelgunde. N kò káàánú rẹ̀, n kò sì ní purọ́ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i.

Ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà.

"Burkhard," ó wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ọjọ́ Jímọ̀ lo wá sílé mi. O la ojú ọmọ mi wò. Ó di ẹsẹ̀ rẹ mú, ó ní, 'Olùkọ́, ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ mi.' O ní ikú ti wọ inú rẹ̀, pé kí n ní kí wọ́n gbẹ́ àmì. Ìwọ lo mú kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ kí ọkàn mi má bàa yẹ̀. Lálẹ́ Tuesday, ìwọ lo gbé ẹsẹ̀, èmi gbé orí. O ní kí n tẹ́ ẹ ní àmì ìyè kí ọlọ́pàá má bàa fura. Nígbà tó o ti sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí ọkọ̀, mo yí i."

Teuschl ń wo ilẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpótí tábìlì rẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá Pöschl lọ wò ó; kò tilẹ̀ jù ú nù. Irú wọn kì í rò pé ẹnì kan lè wá a.

*

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó gbà wá láàyè láti wọ yàrá Burgi ní ilé ìwòsàn. Lorenz ti jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí a ti tú u sílẹ̀, kò tíì wẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ń rojọ́ òórùn ẹja. Ọmọ náà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ti mọ́ díẹ̀. Wọ́n gbé ọbẹ̀ àti búrẹ́dì síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ kó tó jẹun.

Lorenz mú ike abẹ́rẹ́ náà. Ó yí nọ́ńbà ara rẹ̀, ó ṣì í yí. Ó tún un yí, ó tún ṣì í.

"Dádì, ẹ gbé e wá," ni Burgi wí.

Ó ka nọ́ńbà ara rẹ̀, ó ká aṣọ sókè, ó gún ikùn ara rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó yọ ọ́. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó mú ṣíbí.

"Ṣé Màmá àgbà máa wá síbí?"

"Rárá," ni Lorenz wí.

"Olùkọ́ náà ńkọ́?"

"Kò lè wá. Wọ́n ti tì í mọ́lé."

Ọmọ náà ro ó wò.

"Ó dáa," ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.